Akọ̀wé Kóòtù Ìwó àti Ẹjọ́ Bàbá George

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ, ẹ má sì rò pé ọkọ kan ló jókòó tó ń yin aya rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Rokibat dáadáa mọ̀ pé alágídí ni. Bí ó bá ti di nǹkan mú, ẹ fi tírélà fà á, kò ní jù ú sílẹ̀. Tírélà ni mo sì ń wà láti ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, láti àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní Lancaster lẹ́bàá Dallas lọ́dọ̀ wa lọ sí gbogbo ìpínlẹ̀ tó yí Texas ká, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwó ni wọ́n bí Rokibat sí. Kí a tó kó wá sí Dallas, ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń kọ ohun tí olùpẹ̀jọ́ bá wí, òun náà ló ń kọ èsì olùjẹ́jọ́: ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Nígbà tí a dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó ń wá akọ̀wé kóòtù Ìwó. Ó padà sílé ẹ̀kọ́, ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń bá a gbé mọ̀ pé akọ̀wé kóòtù inú rẹ̀ kò kú. Bí èmi àti Hafsah ọmọ wa bá ń jiyàn, á tún ọ̀rọ̀ oníkálukú wa sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò ní bù kún un, kò ní yọ níbẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú púpọ̀, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi arúgbó kan lé e lọ́wọ́ ní Lancaster, tí kò jìnnà sílé wa. George Whitlow lorúkọ rẹ̀, adúláwọ̀ ọmọ Texas níbí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ. Ogójì ọdún ló fi ń fọ ọkọ̀ òfurufú fún àwọn tó ni ín. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò pé oṣù méjì tí Rokibat ti kọ́ ọ bí a ṣe ń kí "Ẹ káàárọ̀". Òun ń pè é ní Bàbá George, bàbá náà ń pè é ní ọmọ mi. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé ìyàwó mi ti lọ rí bàbá míràn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó lo oògùn tán, bàbá náà ní kí Rokibat bá òun gbé páálí kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ẹjọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti kọ̀wé béèrè fún un lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun, nígbà tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́, ojú rẹ̀ kò lè kàwé mọ́. Ó ní kí Rokibat bá òun kà á.

Ohun tó sọ fún un rèé. Ní ọdún 1951, lójú ogun Korea, wọ́n gbé òun àti ọ̀rẹ́ òun, Ellis Broadnax, lọ sí kóòtù ológun. Ọmọ ogún ọdún ni òun, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ellis. Wọ́n ní wọ́n sá kúrò lórí òkè kan tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́. Wọn kò sá. Ọ̀gá wọn ló pàṣẹ pé kí gbogbo wọn fà sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ọ̀gá náà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní ìdájí ọjọ́ náà. Aláwọ̀ funfun ni méje nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn yẹn ní ìbéèrè kankan. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni ẹjọ́ náà gbà. Wọ́n fún George ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ, wọ́n fún Ellis ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òtútù àyà pa Ellis nínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún kejì. George lo ọdún márùn-ún kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun pẹ̀lú ẹ̀tẹ́. Ibi tó bá ti wáṣẹ́ dé, ìwé yẹn á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ó ní, "N kò fẹ́ kú mọ́ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ Ellis ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ mọ́. Tèmi lè tẹ̀ lé e."

Nígbà tí Rokibat sọ fún mi, inú mi kò dùn sí i. Mo ní, "Ìyá Hafsah, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹjọ́ tí àwọn onílùú ti dá láti 1951, àlejò ló máa wá tún un dá?"

Ó ní, "Bàbá Hafsah, àwọn onílùú kò kà á. Èmi mọ ìwé ẹjọ́ kà."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún bàbá náà ní àràárọ̀, ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kó tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó rí ibi tí agbẹjọ́rò ìjọba ti dìde tó sọ fún àwọn adájọ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé irú ènìyàn bí àwọn wọ̀nyí kò lè dúró síbì kan bí ìbọn bá ń dún lókùnkùn, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ báyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó. Rokibat sọ fún mi pé òun tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí òun rò pé òun ṣì í kà. Inú bí i débi pé ó gbàgbé oúnjẹ sórí iná lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà náà jóná, èmi ni mo sì jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló fọwọ́ síwèé lòdì sí Ellis. Àkọ́kọ́ ní: "Mo rí Broadnax tó ju ìbọn rẹ̀ nù, tó ń sunkún, tó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ." Rokibat ṣí ìwé ẹlẹ́rìí kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Mo rí Broadnax tó ju ìbọn rẹ̀ nù, tó ń sunkún, tó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ." Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹta, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.

Ó fò sókè. Ó ní, "Bàbá, a ti rí i! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta kì í rí nǹkan kan náà kí wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀nà kan náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n jọ dúró sójú kan, ọ̀kan á ní ewúrẹ́ dúdú ni, èkejì á ní ó ní funfun létí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe déédéé báyìí ní Ìwó, adájọ́ wa á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, 'Ta ló kọ́ yín?' Ọwọ́ kan ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí!"

Bàbá George kò yọ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Ka orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìkẹta."

Rokibat wò ó. George Whitlow ni.

Ìyàwó mi kì í sunkún níwájú aláìsàn, ó ní wọ́n kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà, ó lọ dúró ní kíṣíìnì bàbá náà, ó sì sunkún níbẹ̀. Nígbà tó padà, bàbá náà sọ ìyókù fún un. Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi jẹ́ kó sùn. Wọ́n ní Ellis ti fọwọ́ sí ìwé lòdì sí òun ná, pé bí òun kò bá fọwọ́ sí tòun, ìbọn ni wọ́n máa fi pa òun. Irọ́ ni. Ellis kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà síta ní kóòtù, Ellis yíjú wò ó. Fún fífọwọ́ sí i ni wọ́n ṣe dín ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kù sí ọdún mẹ́jọ. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí, títí dórí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Rokibat ní òun máa sọ fún ọ̀gá wọn kó gba bàbá náà lọ́wọ́ òun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ẹni tó bá dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló máa bá a ṣẹjọ́. Nígbà tó di àárọ̀, mo rí i tó ń wọ bàtà iṣẹ́. Ó ní, "Bí mo bá sọ ìwé yẹn nù, Ellis ló tún máa jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá yẹn nìkan ló kù láyé tó lè sọ pé irọ́ ni." Mo mú kọ́kọ́rọ́ tírélà mi, mo lọ síbi iṣẹ́.

Wọ́n kọ ìwé ìbúra. Bàbá George búra pé irọ́ ni òun fọwọ́ sí, pé ọ̀gá kan ló kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá bá òun. Rokibat tẹ gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun wa. Ìgbìmọ̀ kan wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ológun tó ń yẹ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wò, fọ́ọ̀mù wọn sì wà fún ẹni tó bá wà láàyè, ó wà fún ẹni tó ti kú. Nínú ti òkú, wọ́n béèrè pé: kí ni ẹni tó ń fọwọ́ sí i jẹ́ sí olóògbé? Rokibat kọ ọ́ pé George Whitlow, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Hafsah wà nílé lópin ọ̀sẹ̀ náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Denton ló ń lọ. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mummy, they're not even related. You can't put brother."

Ìyá rẹ̀ ní, "Wọ́n jọ wọṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n. Kí lo tún ń pè ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò?"

"It's a legal form, Mummy."

"Èmi náà ti ń bá legal form ṣiṣẹ́ kí n tó bí ẹ."

Hafsah wò mí pé kí n bá òun dá sí i. Èmi náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀, kí n má parọ́. Ní Ìwó, bí ènìyàn bá wá sí kóòtù tó ní ẹ̀gbọ́n lagbájá ni òun, òun ni òun máa gbẹnu sọ fún un, kò sí adájọ́ tó máa bi í bóyá inú kan náà ló bí wọn. Ẹni tó ń dúró tini lọ́jọ́ ìṣòro ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Hafsah, fi ìyá ẹ sílẹ̀ jàre."

Oṣù méje ni a fi retí èsì. Nígbà tó dé, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n ti wádìí, George Whitlow kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Ellis Broadnax, ohun tí a kọ kì í ṣe òótọ́. Ìyàwó olóògbé, ọmọ rẹ̀, tàbí ẹbí rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Nítorí pé inú fáìlì kan ni Rokibat kó ẹjọ́ méjèèjì sí, méjèèjì ni wọ́n dá padà. Wọ́n ní George lè tún tirẹ̀ nìkan mú wá, pé àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

Dókítà sì ti sọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé ọkàn bàbá náà kò lè gbé e dé ọdún méjì mọ́.

Rokibat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni òun ba ẹjọ́ náà jẹ́, pé kó jẹ́ kí àwọn fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ó lè gbọ́ èsì rẹ̀ kó tó kú. Bàbá George mi orí. Ó ní, "Mo ti gba tèmi lẹ́ẹ̀kan rí, mo sì fi Ellis sílẹ̀. N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wá di pé kí a wá ẹ̀jẹ̀ Ellis rí. Hafsah ló rí i. Ó rí ìkéde òkú ẹ̀gbọ́n Ellis obìnrin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí i níbẹ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló fi sáyé lọ, Josephine, tó ń gbé Denton, nǹkan bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi ọkọ̀ gbé Rokibat lọ síbẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Josephine, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bó ti ṣílẹ̀kùn báyìí ni ìyàwó mi kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ilé wa, báyẹn ni a ṣe ń bẹ àgbà. Jìnnìjìnnì bá obìnrin náà, ó rò pé àìsàn ló gbé e ṣubú, ó sì ń wá fóònù láti pe ọkọ̀ aláìsàn. Èmi ni mo ní, "Rárá, mà, ó ń kí yín ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a wọlé.

Àwòrán Ellis wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó wọ aṣọ sójà, ojú rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó kú lójú ogun. Josephine ní ìyá òun sọ fún òun pé Ellis nìkan ló kù lórí òkè kan tó ń yìnbọn kí àwọn yòókù lè ráyè sá. Ó ní lọ́dọọdún ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn tó kú fún orílẹ̀-èdè. Mo tẹ ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ pé kó dúró ná. Ṣùgbọ́n ó ti ń kó ìwé jáde, ó ti ń sọ̀rọ̀ kóòtù, ó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Josephine gba fọ́ọ̀mù náà, ó fi ìka tọ́ka sí ibi kan. Ó ní, "Ta ni George Whitlow? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyá àgbà mi bí." Nígbà tí Rokibat ṣe àlàyé tán, ó dá ìwé náà padà. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà pé wọ́n dá a lẹ́bi, kí wọ́n tó lè sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Nínú ọkọ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn, a ti sa gbogbo ipá wa. Ẹ̀rí ọkàn ń da Rokibat láàmú pé ẹsẹ̀ òun ni òun fi da omi náà nù, èmi náà sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá George ní òun fúnra òun máa lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Rokibat kọ́kọ́ pe Josephine, obìnrin náà sì rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó ní kí wọ́n máa bọ̀, pé ìdajì wákàtí ni òun yọ̀ǹda. A gbé bàbá náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń fà símú. Kí a tó gbéra, èmi ọlọ́gbọ́n mú àbá wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ má tíì sọ ti ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí tirẹ̀ ná." Ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá òun dá nínú àgọ́ ní 1951. Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Josephine. Kò dá ara rẹ̀ láre rárá. Ó ní ẹ̀rù ikú ló ba òun, òun sì fọwọ́ sí i pé àbúrò ìyá rẹ̀ sá, bẹ́ẹ̀ òun mọ̀ pé kò sá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Josephine béèrè. Ó ní, "Ìwé yẹn ní ó ń sunkún. Ṣé ó sunkún?"

Bàbá George ní, "Rárá. Èmi ni mo ń sunkún. Òun ló di apá mi mú títí a fi dé ìsàlẹ̀."

Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Rokibat ń wo ojú mi. Nígbà tó jáde, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti gbó, tó sì ti pọ́n. Ilé ẹ̀wọ̀n ló kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀, pé Ellis ti kú, pé kí wọ́n wá gbé òkú rẹ̀. Ó ní òun rí i nínú ẹrù ìyá òun lẹ́yìn ìsìnkú, ó ti tó ogún ọdún. Ogún ọdún ni òun fi ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pe orúkọ Ellis mọ́ ti àwọn akọni, tí ojú ń ti òun, nítorí òun gbà pé ojo ni. Òun kò lè bá ìyá òun jà, ó ti kú. Òun kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, òun rò pé a wá tú àṣírí òun ni.

Ó gba bírò lọ́wọ́ Rokibat. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Ellis ni mo fọwọ́ sí i fún, Ọ̀gbẹ́ni Whitlow. Kì í ṣe ẹ̀yin." Bàbá George ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Fáìlì méjì ni Rokibat fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Hafsah ló sì yẹ gbogbo ojú ìwé wò kí ó tó jáde nílé. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù láàárín oṣù mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀kẹta, a rò pé kò ní padà wálé. Nígbà tí Rokibat bá kírun tán, mo máa ń gbọ́ orúkọ Ellis nínú àdúrà rẹ̀ ṣáájú tèmi, n kò sì jowú rẹ̀.

Èsì dé ní oṣù kẹta ọdún yìí. Ti Ellis lọ sí Denton, ti George dé Lancaster. Josephine kò ṣí tirẹ̀. Ó ní kí Hafsah fi ọkọ̀ gbé òun wá, kí akọ̀wé kóòtù ka méjèèjì pọ̀. Gbogbo wa jókòó sínú yàrá bàbá náà lọ́sàn-án Sátidé. Bí Rokibat ti ń ya àpò ìwé, Bàbá George ní ká fa òun dìde. Rokibat ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ kò dúró." Ó ní bí wọ́n bá ń ka ìdájọ́, olùjẹ́jọ́ kì í jókòó. Èmi ni mo di apá kan mú, Hafsah di èkejì. Ó gbá irin ìtìlẹ́yìn rẹ̀ mú, ó sì dúró.

Rokibat gbé ohùn sókè bíi ti kóòtù Ìwó. Ó ka ti Ellis ṣáájú. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ọwọ́ kan ló kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n rí i pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló darí ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ellis Broadnax kò jẹ̀bi, sójà tó kú pẹ̀lú iyì ni. Josephine fi ọwọ́ bo ojú, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni Rokibat ka ti George. George Whitlow kò jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni akọ̀wé kóòtù kà á dé, kò lè kà á parí. Hafsah ló bá a ka ìyókù.

A rọra fẹ́ gbé bàbá náà jókòó. Ó kọ̀. Ó tún irin ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dì mú, ó sì ń wo ibi tó ti ń gbọ́ ohùn ẹkún Josephine.

Ó bi Rokibat pé, "Ìwé tí mo fọwọ́ sí ńkọ́? Ṣé wọ́n wọ́gi lé òun náà?"

Rokibat lè parọ́ fún un. Èmi ìbá parọ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Rárá, Bàbá. Ohun tí ènìyàn bá ti fọwọ́ sí kì í kúrò nínú fáìlì."

Josephine wá dìde, ó wá dúró síwájú rẹ̀, wọ́n súnmọ́ ara wọn débi pé bàbá náà lè rí i. Ó ní, "Tèmi, mo ti fi jì yín, George. Ti Ellis, n kò lè bá a sọ pé ó ti fi jì yín."

Bàbá náà ní òun mọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi tíì jókòó.